Omi Tí Alága Fi Ṣe Àyípadà

Ohùn Agogo ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà, orúkọ ọ̀hún sì ro ó lóòótọ́. Bó bá jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹni tó wà ní ìparí òpópónà á ti mọ irú ọrùn tí oníbàárà náà fẹ́ sára bùláòsì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń jó irin pọ̀ nísàlẹ̀ òpópónà, máa ń sọ pé bí àwọn bá jà, àwọn kì í ro ẹjọ́ fún onílàjà, torí pé onílàjà ti gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ nílé rẹ̀.

Ohùn yìí ló wọ olóṣèlú kan létí. Ọkùnrin náà ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀: Àyípadà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n kọ ọ́ sára fìlà, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akópàǹtí tí kò kó pàǹtí kan rí. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ síwájú orí ẹni tó bá sùn gbàgbé sí gbàgede.

Omi ni òpópónà wọn ń fẹ́. Kànga kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wọn ń pọn, omi rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ilẹ̀. Omi rírù a máa mú kí ọrùn dun Ohùn Agogo débi pé bó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí olóṣèlú náà gun bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní bí òun bá wọlé, omi á ṣàn débi pé àwọn aráàlú ló máa bẹ òun kí òun tì í, obìnrin náà gbà á gbọ́ tọkàntara. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́.

Ó pariwo Àyípadà títí ohùn fi há. Ó pa aṣọ oníbàárà tì. Àfi ìgbà tí ìyàwó kan tó ń múra ìgbéyàwó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ní òun kò ní dìde láìgba aṣọ òun ló tó padà sídìí máṣíìnì. Bàbá onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ń wò ó.

Bàbá náà ní, “Ìyàwó wa, ẹni tó máa dá aṣọ fúnni, tọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Ọkùnrin yẹn ń gbé àdúgbò kan, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ náà ń pọnmi.”

Ó dá bàbá lóhùn pé, “Bàbá, ẹni tó da omi síwájú ní ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ ká dà á ná.”

Wọ́n dà á, ọkùnrin náà sì wọlé. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ṣì ń tò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rán àwọn kan wá tí wọ́n ń tẹjú mọ́lẹ̀ kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ohùn Agogo ń bá a wí àwíjàre. Ó ní ilé kì í ṣe ohun à ń kọ́ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ìbò mìíràn ku díẹ̀ ni páìpù dé. Kíá ni wọ́n ri í mọ́lẹ̀, wọ́n mọ ògiri yí ibẹ̀ ká, wọ́n lẹ táìlì, wọ́n sì gbé òkúta dídán kan kalẹ̀ tí wọ́n fín orúkọ alága sí gàdàgbà gadagba. Orúkọ ọ̀hún tóbi ju ẹ̀rọ omi lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, Ohùn Agogo ni wọ́n fún ní ife àkọ́kọ́. Alága fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ, omi sì tú jáde, ó mọ́ gaara. Obìnrin náà mu ún, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo bàbá onígbàjámọ̀, bàbá sì kí i kú oríire látọkàn wá.

Afẹ́fẹ́ ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó ṣí ìborí Ohùn Agogo, ó gbé e fò kọjá ògiri. Obìnrin náà gba ẹ̀yìn lọ mú un, gbohùngbohùn tí wọ́n fún un láti fi kí alága ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọkọ̀ agbómi ńlá kan, wọ́n so rọ́bà gígùn láti inú rẹ̀ mọ́ páìpù. Awakọ̀ jókòó lórí táyà, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Awakọ̀ náà kí i dáadáa. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi omi ṣòfò o. Ó ti fẹ́ tán, àdúgbò méjì ṣì wà tí mo máa dé lónìí.”

Obìnrin náà fara ti ògiri. Ó ń gbọ́ ohùn alága lódìkejì, tó ń sọ pé láéláé, omi yìí kò ní gbẹ. Ó rò ó pé òun lè mú ìborí òun kí òun sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé lọ dìbò. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

Ó ní, “Alága, awakọ̀ yín ní kí n sọ fún yín pé omi ti fẹ́ tán nínú ọkọ̀.”

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àyàfi àwọn ọmọlẹ́yìn alága tí wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́, torí pé pípàtẹ́wọ́ ti mọ́ wọn lára. Ìgbà tí èrò máa fi dé ẹ̀yìn ògiri, awakọ̀ ti fa rọ́bà yọ, ó ti ń sá lọ, omi sì ń dà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin sáré gbé garawa tẹ̀ lé e. Alága ní ìdánwò lásán ni àwọn ń ṣe. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó tì í.

Àdúgbò kò dá Ohùn Agogo sí. Wọ́n bi í léèrè bóyá ohùn tó fi tà wọ́n náà ló tún fẹ́ fi rà wọ́n padà. Onígbàjámọ̀ nìkan ni kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣe ló gbé àga síta, ó ní kó jókòó.

Ìbò dé. Ní òpópónà wọn, alága kò rí ju ìbò àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ. Síbẹ̀ ó wọlé, torí pé ní àwọn àdúgbò yòókù, ìborí ẹnikẹ́ni kò fò kọjá ògiri.

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń múra àtigbapò lọ́wọ́ alága fi wá bẹ Ohùn Agogo pé kó yá òun ní ohùn rẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe Àyípadà, ó ní Àtúntò ni. Obìnrin náà kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. Ó ní kó kọ́kọ́ wá bá àwọn pọnmi láàárọ̀ ọ̀la ná. Ọkùnrin náà sì wá, òun àti ayàwòrán méjì, kò mú garawa dání. Wọ́n yá a ní ọ̀kan. Ó gbé e dé ìyànà àkọ́kọ́, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tó, ó sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè dá ẹni tó ń pè é lórí fóònù lóhùn.

Ohùn Agogo kò dúró dè é. Omi wà lórí rẹ̀, aṣọ oníbàárà sì ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù.