Ta Ló Ni Àga Díìnì?

Wọ́n fẹ́ gba àga mọ́ mi nídìí láàárọ̀ yìí o!

Èmi ni díìnì tuntun fún àwọn ẹnjiníà ní yunifásítì wa. Mo dé ìpàdé àkọ́kọ́, mo bá Bàbá tó fipò sílẹ̀ fún mi, tó tún kọ́ mi níṣẹ́, lórí àga díìnì.

"Ọmọ mi, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá bá ẹ darí ẹ̀."

Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Ìwórò, ìlú mi. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Mo dìde. "Sà, àga mi lẹ jókòó lé."

Bàbá ò kúrò. Orí ìdúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Nígbà tó yá, Bàbá dìde fúnra wọn.

Àwọn èèyàn ti ń pè mí ní aláfojúdi. Ọ̀tọ̀ lọ̀wọ̀, ọ̀tọ̀ nipò! Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?

Orí àga náà ni mo wà tí mò ń tẹ èyí.