Ẹsẹ̀ Armas àti Báńdéèjì Ọjọ́ Sátidé

Raila Juntunen kì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, bó bá sì lù tán, díẹ̀ náà ló fi ń sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú egbò nílé ìwòsàn kékeré tó wà létí adágún, níbi tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń gbé ẹsẹ̀ jíjẹrà wá bá a lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oṣù mẹ́fà gbé e pamọ́ sínú bàtà rọ́bà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn fún gbogbo wọn, ó sì ní èyí tó dá fi pamọ́ fún dókítà tó máa ń yọjú lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Kò tilẹ̀ fẹ́ fojú kan agbada irin ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti kọ́ ọ pé kó máa ki ẹsẹ̀ aláìsàn bọ̀, kí omi gbígbóná máa yí po mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ẹnì kan á jáde, ti ẹlòmíràn á wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án lòun náà fi ṣe é. “Kòkòrò là ń pín fún wọn,” ló máa ń wí nísinsìnyí, “a wá ń kí ara wa kú iṣẹ́.” Ohun tó gbà gbọ́ lónìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni ẹ̀rọ kékeré tó ń tú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ sójú egbò kí ẹran tó ti kú lè ṣí kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, iná mànàmáná tó rọ̀, tí kò ju kí èèrà máa rìn lára ẹni lọ, tó ń ta ẹran tuntun jí. Àti báńdéèjì tí a dì le láti ìka ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, kí ẹ̀jẹ̀ má baà jókòó sísàlẹ̀. Ó ní láìsí báńdéèjì, òfò ni méjì tó kù.

Nínú gbogbo àwọn tí Raila ń kẹ́gàn, Armas Kemppainen ló wà níwájú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó ti fi ogójì ọdún gé igi nínú igbó, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé lẹ́yìn odò. Egbò kan wà lójúgun rẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ti pé ọdún méjì. Oníṣẹ́ abẹ ní ìlú ńlá ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí kò bá tíì jiná nígbà ọdún Johannu ní oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀, wọn á gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún kí kòkòrò má baà wọ egungun. Oṣù mẹ́ta ló kù.

Ohun tó ń bí Raila nínú ni pé egbò náà fẹ́ jiná. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, á ti mọ́, á ti pupa, etí rẹ̀ á sì ti máa fà wọlé. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ á ti wú, ọyún á ti bo gbogbo rẹ̀.

“Bàbá Kemppainen, ẹ tún lọ sílé ooru.”

“Mi ò lọ.”

“Ewé ló lẹ̀ mọ́ ojúgun yín yìí. Àbí ó ti ń hù lára yín ni?”

Armas wo òrùlé. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, bó ṣe máa ń ṣe. “Atẹ́gùn ló gbé e wá.”

“Láti oṣù kọkànlá ni yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Igi wo ló ń wọ́wé?”

Ní ìlú yẹn, ẹni tí kò bá wọ ilé ooru lọ́jọ́ Sátidé, kó jókòó lórí pákó, kó da omi sórí òkúta gbígbóná, kó sì fi ẹ̀ka igi eléwé na ara rẹ̀, wọn ò kà á kún alààyè. Raila náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ti kà á léèwọ̀ fún Armas, ó sì ti fi bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì hàn án bó bá ṣèèṣì tú. Armas ní ó yé òun. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; Raila ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òmùgọ̀ lọ́kùnrin náà, kí wọ́n kúkú gé e.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ ká a mọ́ ibẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn lọ ni, ká má purọ́. Armas jókòó ní ìloro ilé ooru, ó ró tówẹ̀lì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níhòòhò, báńdéèjì sì tú ká sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìfun ẹja.

“Ẹ ò kúkú lọ sílé ooru,” ni Raila wí.

Armas ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tówẹ̀lì.

“Ọdún méjì. Èmi ń fọ̀ ọ́, ẹ̀yin ń bà á jẹ́. Ó dáa, ẹ dì í níṣojú mi, kí n rí ohun tí mo kọ́ yín.”

“Máa lọ sílé ẹ, ọmọ Juntunen.”

“Ẹ dì í.”

Armas mú un. Òtútù ìloro ti mú ìka rẹ̀, wọ́n funfun bí ẹfun. Báńdéèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé ó ti bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yí po lórí òfìfo. Ó wo ilẹ̀, ó rí i níbẹ̀, ó tún mú un. Ìkọ́ kékeré tí wọ́n fi ń há a gún un níka, ẹ̀jẹ̀ yọ, kò sì gbọ̀n ọ́n nù.

“Ẹ̀rọ ìgégi ni,” ó ní. “Ogójì ọdún ló fi gbọ̀n mí lọ́wọ́. Ìka yìí ti kú tipẹ́. Helvi ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnì kó tó lọ.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

“Ta ló bi mí? Ẹsẹ̀ lo máa ń wò.”

Raila wo àwọn ìka náà. Ilé ooru tó ń bá jà látọjọ́ yìí, wákàtí kan péré ni. Láti alẹ́ Sátidé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹsẹ̀ náà ń wà láìsí báńdéèjì, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa dì í. Òun tó ń fi dókítà orí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀sín, òun ti fọwọ́ kan egbò yìí láìmọye ìgbà, kò sì wo ọwọ́ ẹni tó ni ín rí. Ojú tì í gan-an, gbogbo ẹ̀gàn tó ti ń pín káàkiri sì padà sórí ara rẹ̀, ó tọ́ sí i.

“Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, tí mo wá ń pa làpálàpá,” ló wí. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó tútù, ó gbé ẹ̀rọ omi iyọ̀ jáde, ó fọ egbò náà, ó sì dì í.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń lọ. Ó gba Armas láyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pákó ìsàlẹ̀, ó ní ẹ̀ka eléwé ò gbọdọ̀ kan ojúgun. Wọ́n ń bú ara wọn lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Egbò náà ń kéré sí i, ó di ẹyọ owó, ó di èékánná.

Sátidé tó tẹ̀ lé ọdún Johannu, Armas na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀ ní ìloro. Awọ tuntun, tín-ín-rín, ti bo ojúgun náà, ṣùgbọ́n báńdéèjì ò ní kúrò níbẹ̀ títí ayé.

“Oníṣẹ́ abẹ yẹn ní òun ò ní gé e mọ́, ó ní mo mọ ìlànà tẹ̀ lé,” ni Armas wí.

“Ẹ̀yin kẹ̀? Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní obìnrin kan wà tó burú lẹ́nu, tó máa ń wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé.”

Raila kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ó fa báńdéèjì náà le ju bó ṣe yẹ lọ, Armas sì jẹ́ kó fà á.