Bí Mo Ṣe Gbé Màmá Mi Gba Inú Ọyẹ́ Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Màmá mi kì í gun alùpùpù. Láti ìgbà tí mo ti ra máṣíìnì tí mo fi ń kiri tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, wọn ò jókòó sẹ́yìn mi rí. Bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan l'Ọ́jà Akẹ̀sán, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi rìn lọ láti ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n á sì fi rìn bọ̀. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá fi ẹsẹ̀ méjì dúró, tí kì í ṣe èèyàn tàbí adìẹ, àwọn ò fọkàn tán an.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń ríran. Ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti ṣókùnkùn. Nígbà tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, tó sì tú aṣọ tó fi dì wọ́n lójú, àbúrò wọn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Bí màmá mi bá sì wọ mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn, èébì ni, á sì rẹ̀ wọ́n débi pé wọn ò ní lè sọ̀rọ̀.

"Ṣé máṣíìnì rẹ lè gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́?" Wọn ò wojú mi bí wọ́n ṣe bi mí.

Mo ní ó lè gbé wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ọyẹ́ rọlẹ̀ ná. Wọ́n ní àgbà kì í dúró de ojú ọjọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo gbé máṣíìnì sábẹ́ igi máńgòrò. Mo yọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Eruku ti sọ ọ́ di pupa. Mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo sá a. Mo nu púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sì ro díẹ̀ sórí ṣéènì tó ti gbẹ táútáú. Mo yẹ ara táyà wò dáadáa, torí ọyẹ́ a máa la rọ́bà bó ṣe ń la gìgísẹ̀. Màmá mi jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bi mí ní iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nígbà tí mo débi ṣóòkì, mo ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì kì í fẹ́ jí nínú òtútù, àfi ká rọra mú un gbóná kó tó ṣiṣẹ́.

"Èmi náà nìyẹn," ni wọ́n wí. "Mi ò kì í dáhùn ọ̀rọ̀ kí n tó mu ẹ̀kọ gbígbóná."

Nígbà tó kan ti ara, àwọn ni wọ́n di ọ̀gá. Wọ́n fi òrí pa ètè mi àti ihò imú mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì tẹ́ páálí sí àyà lábẹ́ súwẹ́tà kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Àwọn náà wọ kóòtù bàbá mi olóògbé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, mo sì so etí ìró náà mọ́lẹ̀ kí ṣéènì má baà fà á. Gèlè wọn ò jẹ́ kí akoto wọlé, ni wọ́n bá tú u, wọ́n fi fìlà olówùú rọ́pò rẹ̀.

A kírun àsùbáà, a dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa. Mo fa ṣóòkì, mo tẹ kíìkì. Ó wúkọ́, ó kú. Mo tún un tẹ̀ títí ó fi jí, tí kò kú mọ́. Màmá mi ní bísímílà, wọ́n gùn ún, wọ́n sì dì mí nínú mú débi pé mi ò lè mí kanlẹ̀.

Ojú ọ̀nà funfun báláú. Mo tan iná iwájú, mo ń rọra lọ. Nígbà tá a fi máa dé Odò Ọbà, mi ò mọ̀ bóyá ìka ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó kí wa kú ọyẹ́, ó fún wa ní bẹ́ǹṣì nídìí iná rẹ̀. Ó bi màmá mi bóyá ẹ̀rù kò bà wọ́n.

"Ọmọ mi ló ń wà mí," ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Nígbà tá a tún gbéra, ọwọ́ wọn ti dẹ̀ lára mi.

Ìyá Àgbà ń yáàrùn níwájú ilé wọn, lẹ́yìn Ọjà Igbó, nígbà tá a dé. Wọ́n wò wá títí. "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá?"

Màmá mi ṣí akoto. Eruku ti kun ojú wọn lẹ́fun, ìpéǹpéjú wọn funfun. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n fi etí ìró nu eruku náà díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, títí ojú àbúrò wọn fi yọ.

"Àṣé o ti darúgbó báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ti darúgbó. Ẹ ò kàn tíì rí ara yín ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Mo lọ tún ẹ̀rọ àwọn oníbàárà mi ṣe ní Ọjà Igbó. Nígbà tí mo padà dé nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ti wọ kóòtù, wọ́n ti dé akoto. Wọ́n ní kí n gbé àwọn yí àdúgbò ká, ilé tí àwọn ò rí láti ọjọ́ yìí pọ̀. Mo rọra ń wà wọ́n lọ. Bá a ṣe ń kọjá ni wọ́n ń nawọ́: wọ́n ti kun tibí, wọ́n ti gé igi tọ̀hún, ilé alágbẹ̀dẹ ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ìdajì rẹ̀.