Ìrìn Tí Kò Níbi Tó Ń Lọ

Èmi náà kọ́ ni wọ́n wá ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n mi báyìí? Èmi! Ẹni tó mú ìyá wa jókòó títí àrùn fi gbé e ṣánlẹ̀ ńkọ́?

Tánsíọ̀n ló ń yọ ìyá wa lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà tó ń wò ó ní Pobẹ̀ níbí ní, "Ìyá, oògùn nìkan ò tó o. Ẹ máa rìn láràárọ̀, kí ara yín máa làágùn." Ìyá wa gbà. Láti ilé dé ibi oko ọ̀pẹ, á tún padà. Wíwú ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ń sùn dáadáa. Ó tún lágbára láti máa bú mi láàárọ̀, inú mi ń dùn!

Àwọn ará ọ̀nà ni ò jẹ́ ó sinmi. Ẹ mọ̀ wá náà. "Ìyá, ibo là ń lọ?" Á ní, "Kò síbì kan." Háà! Àgbàlagbà ò lọ oko, kò lọ ọjà, ó kàn ń rìn? Aládùúgbò wa ní bóyá orí ẹ̀ ti ń dàrú. Ni ìyá wa bá ń gbé agbọ̀n òfìfo rù, kí wọ́n lè rò pé ọjà ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí ẹ̀gbọ́n mi ní Sakété. Ó gun alùpùpù ẹ̀ wá, ojú ẹ̀ le.

"Wọ́n ní ìyá mi ń fẹsẹ̀ rìn kiri bí ẹni tí ò bímọ!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn ni ìrìn yẹn. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Panu ẹ mọ́. Ìwé wo lo kà?"

Ó bá ọlọ́kàdà kan sọ ọ́: ibi yòówù tí ìyá bá ń lọ, kó máa gbé e. Ìyá wa ò fẹ́ kójú ti ọmọ ẹ̀. Kò rìn mọ́, ó jókòó sílé. Ẹsẹ̀ tún wú. Nígbà tó ṣe, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún ò gbé mọ́, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró láàárín ẹbí, ó ní àwọn ọ̀tá ló rí ìyá òun lójú ọ̀nà, tí wọ́n fi nǹkan ṣe é.

Ọ̀tá! Mo ní, "Ìwọ ni ọ̀tá! Ìtìjú ẹ ló ṣe é!"

Gbogbo ilé gbà á: "Yéè! Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ìwọ!" Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ìyá wa ń wò wá látorí ẹní, kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á. Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ni, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?