Obìnrin Tó Bá Iyán Jà

Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà láti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Nínú ọkọ̀ èrò, ìyá àgbà kan jókòó síwájú, ó tẹ́ ọmọ odó lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn. Àwọn tó rí i ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń rọ́ àlá.

"Màmá, ta lẹ fẹ́ lọ bá jà?" Awakọ̀ ló bi í.

"Mo ti bá a jà tán. Iyán ni."

Olóògbé Fọlákẹ́ nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn aláboyún bí èèyàn ṣe ń jẹun. Iṣu àti gàrí, níwọ̀nba. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, kí ara lè dàgbà. Ẹ̀fọ́, dáadáa. Gbogbo Ijapo, àdúgbò rẹ̀ ní Àkúrẹ́, gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Adélaní, kò gbọ́. Oǹdó ló wà, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ. Iyán àárọ̀. Iyán alẹ́. Dókítà ti ní wọ́n lè gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ìdí tí Fọlákẹ́ fi gbé ọmọ odó Adélaní sá lọ nìyẹn.

Kí ọkọ̀ tó dé Àkúrẹ́, Adélaní ti yá ti aládùúgbò.

Fọlákẹ́ padà lọ ní Sátidé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, iyán yín kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù lọ."

"Ìkúùkù ta ni?" Adélaní na tirẹ̀. Ìkúùkù àgbẹ̀. Ó tó orí ọmọdé.

"Tèmi ni."

"Bàbá wa jẹ iyán títí di àádọ́rùn-ún ọdún!"

"Bàbá wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ẹ̀yin ń gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì iwájú ilé."

"O ń ná mi bí ẹni ń ná ewúrẹ́!"

"Ẹsẹ̀ yín nìkan ni mò ń ná."

Ọbẹ̀ tutù. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí ìkúùkù Ìbídùnní, ìyàwó Adélaní. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ pinpin. Ó kéré ju ti Fọlákẹ́ lọ.

Ọdún mẹ́rin. Adélaní ń kùn, ó ń jẹ ẹ́.

Lóṣù kejì ọdún yìí, Fọlákẹ́ sùn lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ Adélaní wò. "Bàbá, ṣúgà yín ti wálẹ̀. Kò séwu fẹ́sẹ̀ yín mọ́. Ta ló ń bójú tó oúnjẹ yín?"

Adélaní dìde. Ó rìn lọ sílé, díẹ̀díẹ̀, nínú oòrùn tó rọ̀.

Ìbídùnní gbé oúnjẹ wá. Adélaní wo àwo náà pẹ́. Ó tì í padà.

"Ẹ̀fọ́ yìí kò tó," ó ní. "Inú Fọlákẹ́ kò ní dùn."