Agolo Abẹ́ Igi Óákù

Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni bàbá tí fẹ́ǹsì kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti òun ní Marks Gate, létí London. Odindi ọdún kan ló fi ń sọ fún àwọn ará ìjọ rẹ̀ pé àjẹ́ ni mí, pé orí igi óákù tó wà nínú ọgbà mi la ti ń ṣèpàdé. Mo bá méjì nínú wọn pàdé nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Romford, mo kí wọn, wọ́n yí ojú sí fèrèsé. Nígbà tí ògiri kíṣìnnì rẹ̀ wá lanu, ó kọ̀wé sí council, ìjọba ìbílẹ̀ wa, pé gbòǹgbò igi mi ló fà á, kí wọ́n wá gé e. Ilé council ni mò ń gbé, tiwọn ni igi náà, ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà. Inú bí mi, n kò ní í purọ́. Kí wọ́n dá igi yẹn sí nìkan kò tó mi, mo fẹ́ kí ojú ti bàbá náà níṣojú àwọn tó sọ̀rọ̀ mi fún.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé nǹkan wà lábẹ́ igi náà lóòótọ́. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, wọ́n bí ọmọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, Ìyá, ìyàwó bàbá náà, wá ilẹ̀ tí yóò rì í mọ́, kò rí. Bàbá ti da kọnkéré bo gbogbo àyíká ilé wọn kó lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Ni Ìyá bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti fi òwú wé ìwọ́ náà, ó sì kó o sínú agolo pọ́dà nítorí àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó máa ń hú gbogbo nǹkan ní àdúgbò wa. Àwa méjèèjì la jọ rì í mọ́ ìdí igi.

“Má jẹ́ kí Daddy gbọ́ o,” ló wí. “Wọ́n á ní mo ti padà sínú nǹkan ayé.”

Mo ṣèlérí fún un. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ìbí ọmọ yẹn la máa ń wọn igi, ká lè rí bó ṣe ń dàgbà pẹ̀lú ọmọ. Téèpù ìránṣọ méjì ni mo rán pọ̀. Igi náà tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè dá wọ̀n, nítorí náà Ìyá á di orí téèpù mú mọ́ èèpo rẹ̀, ní ibi tí mo fi ọ̀dà sàmì sí, èmi á sì mú ìyókù yí i ká. Ara férémù ilẹ̀kùn kíṣìnnì mi ni mo ń kọ nọ́ńbà sí.

Council rán ọmọbìnrin kan wá láti yẹ gbòǹgbò náà wò. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀. Bàbá ti dúró nínú ọgbà mi pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì àti ṣọ́bìrì.

“Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ilẹ̀ ká rí i,” ló wí.

“No, Daddy, a kì í gbẹ́ ẹ,” ọmọbìnrin náà dá a lóhùn. “Tí a bá gé root, igi lè kú. Radar á rí i láti òkè níbí.”

Radar, ẹ̀rọ rẹ̀, dà bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ. Ó ń tì í lọ tì í bọ̀ lórí koríko, ohun tó wà nísàlẹ̀ sì ń yọ bí ìlà lójú ẹ̀rọ. Níbi tí kò dá a lójú, ó fi páìpù fẹ́ atẹ́gùn sí ilẹ̀ títí iyẹ̀pẹ̀ fi kúrò lára gbòǹgbò láìha á. A rí i kedere. Gbòǹgbò ńlá náà ti forí lé ọ̀nà fẹ́ǹsì, ó kan ògiri bíríkì àtijọ́ kan nínú ilẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ mi.

“Daddy, it's not this tree o,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. N kò dákẹ́.

“Ọmọ mi, bá mi tì í dé ìdí igi gan-an,” ni mo wí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó tì í débẹ̀, ó sì dúró. “There's metal here. Nǹkan kékeré kan.”

“Ẹ ò rí i?” Bàbá yíjú sí àwọn àgbà méjèèjì. “Oògùn tí mo sọ nìyẹn. Ẹ wú u jáde.”

Mo jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa kí n tó la ẹnu. “Ìwọ́ ọmọ ọmọ yín ni, Bàbá. Ẹ fi kọnkéré bo ilẹ̀ yín, Ìyá ò rí ibi rì í mọ́. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wú u.”

Ó fi ṣọ́bìrì pamọ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà méjèèjì ń wo ilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi dé egungun. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará ìjọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí mi nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ àti gé igi mọ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni màá tún ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì lọ́jọ́ náà. Kò wo ọkọ rẹ̀ rárá, èmi ló ń wò.

Ọjọ́ ìbí ọmọ ọmọ Ìyá tún pé lọ́dún yìí. Mo mú téèpù jáde, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, mo dúró. Kọ́tìnnì kíṣìnnì wọn mì, ó sì padà bò. Mo fi ọwọ́ kan di orí téèpù mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi ká. Ó já bọ́. Mo tún un ṣe, ó tún já bọ́. Ìṣó kan péré ì bá dì í mú, ṣùgbọ́n èmi àti Ìyá ò kan ìṣó mọ́ igi yẹn lára rí. Mo ká téèpù, mo wọlé. Ibi tí nọ́ńbà ọdún yìí ì bá wà lára férémù ṣì ṣófo.