Jákẹ́ẹ̀tì Ìyá Li-Bin

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kho Bun-tek ti ń rán aṣọ fún àwọn tó ń gun alùpùpù ní ìlú Chiayi. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ṣùgbọ́n aṣọ òjò wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nípọn wà níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì tó ní fóòmù ní ìgúnpá náà wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ní ó ti wọ́n jù, Tek ò ní gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. Á ní, "Lọ bi wọ́n ní ọsibítù, iye tí wọ́n ń ta awọ orúnkún." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó.

Ìyàwó rẹ̀, A-Tsuan, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àràárọ̀ ló ń gun alùpùpù lọ sí oko tíì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lórí òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú kùrukùru, lọ́rì kan fi ara gbá dígí alùpùpù rẹ̀ látẹ̀yìn, obìnrin náà ṣubú sínú koríko. Ọwọ́ rẹ̀ bó díẹ̀. Awakọ̀ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò rí i rárá ni.

Li-Bin, ọmọ wọn tó jẹ́ olùkọ́, gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

"Màmá, ẹ ò gun ún mọ́ nìyẹn."

"Ta ló máa máa gbé mi lọ sóko? Ìwọ?"

"Ẹ ta oko yẹn, Màmá."

A-Tsuan gbé akoto rẹ̀ sórí itan, ó ń fọwọ́ nù ún bí ẹni ń nu orí ọmọ. Tek wò ó, ó mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá jókòó sílé, kí oṣù mẹ́ta tó pé, á ti gbó.

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Awakọ̀ ní òun ò rí i. Màá rán èyí tí afọ́jú máa rí."

"Ó dáa, Bàbá. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ máa fi mọ́tò tẹ̀ lé Màmá. Tí mi ò bá rí wọn nínú kùrukùru, kọ́kọ́rọ́ di tèmi."

Tek rán jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù, ó lẹ ọ̀já tí ń dán bí iná bá tàn sí i mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀já náà gbówó lórí ju aṣọ fúnra rẹ̀ lọ, kò sì ṣahun rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìṣojú Tek ni A-Tsuan ti wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, kò sì rí nǹkan kan tó burú. Obìnrin náà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Li-Bin, ó gun alùpùpù, bàbá àtọmọ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kùrukùru ti bo ojú ọ̀nà, Li-Bin tanná mọ́tò.

"Bàbá, ọ̀já tó ń dán dà?"

Tek wò. Súwẹ́tà àwọ̀ ilẹ̀ nìkan ló rí, jákẹ́ẹ̀tì sì là sílẹ̀ lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn. Bí gbogbo ìlú ṣe ń wọ̀ ọ́ ni A-Tsuan ṣe wọ̀ ọ́: wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti iwájú, kí ẹ̀yìn aṣọ lè bo àyà, kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Tek fúnra rẹ̀ ń wọ tirẹ̀. Àyà ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀já olówó ńlá ti ń dán.

Tek bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Wọ́n fun fèrè mọ́tò, A-Tsuan dúró.

"Bàbá Li-Bin, kí lẹ ń rín?"

"Ọgbọ́n orí mi ni. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣé o ò lè wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ ni?"

"Kí atẹ́gùn gba àyà mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi wúkọ́?"

Li-Bin ti na ọwọ́ síta. "Màmá, kọ́kọ́rọ́."

"Ọmọ, dúró ná," ni Tek wí. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó tú ọ̀já náà, ó gé e sí méjì, ó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ síìpù. A-Tsuan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti iwájú, Tek sì fa síìpù náà sókè fún un lẹ́yìn, bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé.

"Ta ló máa máa bá mi fà á lójoojúmọ́?" ni obìnrin náà bèèrè.

"Èmi ńkọ́? Mo fẹ́ lọ síbì kan ni?"

A-Tsuan ṣíná sí alùpùpù. Kùrukùru gbé e mì, ṣùgbọ́n ìlà méjì ń dán lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dán títí ó fi yí kọ́nà tó jìnnà.

Li-Bin rọra ń wa mọ́tò lọ, kò mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ẹ rán ọ̀kan sí i."

"Fún ta? O ò ní alùpùpù."

"Fún Màmá. Ọjọ́ tí èyí bá ń gbẹ lórí okùn ńkọ́?"

Tek bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wọn gígùn ọ̀já tuntun lórí itan ara rẹ̀.